Fọ́tò Orí-dé-Ẹsẹ̀ Tí Oyèdàmọ́lá Yà Lẹ́nu Géètì

Igba náírà ni wọ́n gbà lọ́wọ́ Oyèdàmọ́lá láàárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun yẹn láti bá a fi bátìrì kámẹ́rà rẹ̀ sí iná jẹnẹrétọ̀. Iná ìjọba ti lọ láti ọjọ́ Àìkú. Obìnrin tó ń ta omi tútù lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ní Odò-Orí ló ni jẹnẹrétọ̀ náà.

"Bọ̀dá Fọ́tò, àádọ́jọ ni tẹ́lẹ̀, mo mọ̀. Epo ló wọ́n."

"Kò burú, Ìyá Muslimah."

"Ẹ ò tiẹ̀ ní bá mi jà díẹ̀?"

"Tí mo bá bá yín jà, ṣé epo á wálẹ̀ ni?"

Bí Oyèdàmọ́lá ṣe rí nìyẹn. Ẹni ọdún mẹ́rìnlélógójì ni, kì í yára sọ̀rọ̀, ó sì máa ń jẹ́ kí èèyàn sọ tẹnu ẹ̀ tán kó tó dáhùn. Àwọn kan tilẹ̀ máa ń sọ pé ó gọ̀ díẹ̀ nítorí ẹ̀. Láti ọmọ ogún ọdún ló ti ń ya fọ́tò nílùú Ìwó. Ọ̀gá tó kọ́ ọ níṣẹ́ ti kú, ṣùgbọ́n òfin kan tí ọ̀gá fi lé e lọ́wọ́ kò kú. Tó o bá ń ya àgbàlagbà, tàbí ẹni tó wọ aṣọ iyì, orí dé ẹsẹ̀ ni kó o yà á. Kí ìka ọwọ́ mẹ́wẹ̀ẹ̀wá hàn, kí bàtà méjèèjì hàn. "Ẹni tó o gé lẹ́sẹ̀," ni ọ̀gá máa ń wí, "kí lo fẹ́ kó fi rìn délé?" Àwọn ọmọ ìsinsìnyí tó ń fi fóònù ya fọ́tò, ojú àti àyà ni wọ́n ń yà, wọ́n á sì gbowó. Oyèdàmọ́lá ní tiẹ̀ a máa fà sẹ́yìn, a tún fà sẹ́yìn, títí gbogbo èèyàn á fi wọlé sínú kámẹ́rà. Ìfàsẹ́yìn yẹn ló dá ọ̀rọ̀ sílẹ̀ lọ́jọ́ tí à ń wí yìí.

Bàbá arúgbó kan ló ránṣẹ́ sí i láti Kuta. Ògúndípẹ̀ lorúkọ wọn, àgbẹ̀ ni wọ́n, wọ́n sì ti lé ní àádọ́rin ọdún. Ọmọ kan ṣoṣo tí ìyàwó wọn fi sílẹ̀ kó tó kú ni Rìnsọ́lá, òun ló ń jáde nílé ìwé elétò ìlera kan lọ́nà Ilé-Ogbó. Ojú òsì bàbá náà ti fọ́. Tọ̀tún ń lọ díẹ̀díẹ̀, dókítà sì ti sọ fún wọn pé kò ní pẹ́ mọ́ tí òun náà á fi ṣókùnkùn.

Ìta géètì ni wọ́n ti pàdé, ní nǹkan bí aago méjì ọ̀sán. Ayẹyẹ ti parí. Ayafọ́tò tí ilé ìwé fúnra wọn gbà nìkan ni wọ́n ń jẹ́ kó wọlé. Rìnsọ́lá wọ aṣọ dúdú gbàgẹ̀rẹ̀ àti fìlà onígun mẹ́rin. Aṣọ yíyá ni, wọ́n sì gbọ́dọ̀ dá a padà kí aago mẹ́rin tó lù.

"Bàbá, ṣé orí dé àyà lẹ fẹ́ ni, àbí gbogbo ara?" ni Oyèdàmọ́lá bi wọ́n.

Bàbá yí ojú ọ̀tún sí i. "Súnmọ́ mi kí n rí ẹni tí mò ń bá sọ̀rọ̀. Ẹ̀ẹ́n. Gbọ́. Tí ọmọ yìí bá súnmọ́ mi báyìí, imú ẹ̀ ni mo ń rí. Tó bá fà sẹ́yìn kí n lè rí gbogbo ẹ̀, ó ti di òjìji. Ó tó ọdún mẹ́ta tí mi ò ti rí ọmọ mi lódindi mọ́. Fọ́tò nìkan ló lè kó gbogbo ẹ̀ sí àtẹ́lẹwọ́ mi, kí n gbé e súnmọ́ ẹyọ ojú kan tó kù yìí. Orí dé bàtà ni mo fẹ́. Kí orúkọ ilé ìwé náà sì wà lókè orí ẹ̀, torí ilẹ̀ kòkó mi ló sanwó ẹ̀."

"Ẹ má dá Bàámi lóhùn, ẹ jọ̀ọ́," ni Rìnsọ́lá wí. "Láti Kuta ni wọ́n ti ń ka ilẹ̀ kòkó fún ọlọ́kadà."

"Kí n má kà á? Ṣé ìwọ lo gbìn ín ni?"

Oyèdàmọ́lá ní kí ọmọ náà dúró síwájú géètì. Ó fà sẹ́yìn. Bàtà kò tíì wọlé. Ó sọdá títì, ó fẹ̀yìn ti ògiri ìdojúkọ, nígbà náà ni bàtà àti orúkọ ilé ìwé tó wọ inú kámẹ́rà pọ̀. Ó yà á.

"Hẹ̀ẹ́! Ìwọ! Ta ló ní kó o ya ibí?"

Ẹ̀ṣọ́ géètì ni, ọkùnrin kan tí kò tíì pé ogójì ọdún, wọ́n kọ orúkọ rẹ̀ sí àyà aṣọ búlúù tó wọ̀: Ọlábánjí. Ó sáré sọdá, ó gbá okùn kámẹ́rà mú.

"Ẹ pẹ̀lẹ́ o, ọ̀gá mi. Ẹ kú iṣẹ́."

"Má kí mi! Pa á rẹ́. Kí n fojú mi rí i bó o ṣe ń pa á rẹ́."

"Ojú títì ìjọba ni mo dúró sí, ọ̀gá mi."

"Ìwọ lo wà lójú títì ìjọba. Èmi ńkọ́? Inú kámẹ́rà rẹ lèmi wà!"

Òótọ́ ni. Oyèdàmọ́lá wo fọ́tò náà. Rìnsọ́lá wà láàárín, orúkọ ilé ìwé wà lókè orí rẹ̀, ṣùgbọ́n lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, Ọlábánjí jókòó sórí àga oníke, ó bọ́ bàtà kan, ó sì dorí kodò. Ẹni tó bá rí i á búra pé oorun ló ń sùn.

Àwọn ayafọ́tò míì ì bá ti pariwo lé e lórí. Oyèdàmọ́lá fi okùn kámẹ́rà sílẹ̀ fún un. Ó ní, "Ta ni wọ́n ti fi fọ́tò ṣe léṣe rí, ọ̀gá mi?"

Ọlábánjí wò ó. Kò retí ìbéèrè yẹn.

"Ẹni tí a jọ ń ṣiṣẹ́ ni. Peter. Oṣù Kẹrin ọdún yìí ni. Oorun gbé e lọ díẹ̀, ẹnì kan yà á, ó gbé e sórí Fesibúùkù pé ẹ wá wo àwọn tó ń ṣọ́ ọmọ yín. Kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó ṣú, wọ́n ti lé e. Ọmọ mẹ́rin ló ní. Èmi ò sùn o! Òkúta ló wọ bàtà mi, mò ń gbọ̀n ọ́n dà nù ni. Ta ló máa gbà mí gbọ́?"

"Kò sẹ́ni tó máa gbà yín gbọ́," ni Oyèdàmọ́lá wí. "Ẹ mú un wá, mo máa pa á rẹ́."

Ó pa á rẹ́ lójú rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló wá ní, "Ṣùgbọ́n mo gbọ́dọ̀ ya òmíì."

"Ya orí ẹ̀ nìkan kó o máa lọ! Kí ni o fẹ́ fi ẹsẹ̀ ẹlẹ́sẹ̀ ṣe?"

Ibi tí wọ́n wà nìyẹn tí Bàbá Ògúndípẹ̀ fi sọdá dé ọ̀dọ̀ wọn, Rìnsọ́lá mú wọn lọ́wọ́. Ohùn ni wọ́n gbọ́, wọn ò rí ojú. Wọ́n dúró níwájú aṣọ búlúù náà, wọ́n gbé ọwọ́ sókè, wọ́n ṣí fìlà kúrò lórí ewú.

"Ọmọ mi, mo ṣí fìlà."

Ọlábánjí fò sẹ́yìn. "Háà! Rárá o, Bàbá! Ẹ dé fìlà yín. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dé e. Kí ni mo fi ṣẹ̀ yín tí ẹ fẹ́ fi ewú gégùn-ún fún mi?" Tòun taṣọ iṣẹ́ ló dọ̀bálẹ̀ gbalaja sórí yanrìn ẹ̀bá títì.

"Èpè kọ́, ọmọ mi. Ẹ̀bẹ̀ ni. Kí n rí ọmọ mi kí ilẹ̀ tó ṣú mọ́ mi lójú."

Nígbà tí Ọlábánjí dìde, kò gbọn yanrìn ara rẹ̀. Ohùn rẹ̀ ti rọ̀. "Bọ̀dá, mo máa kúrò nínú ẹ̀. Ẹ̀yìn igi máńgòrò yẹn ni mo máa wà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣe é kíá."

Ó yẹ kí Oyèdàmọ́lá ya ọmọ náà kó tán síbẹ̀. Ó yà á lóòótọ́, ó sì dára. Ṣùgbọ́n Bàbá fẹ́ wà nínú ọ̀kan, bàbá kì í sì í dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọmọ nínú fọ́tò bí ẹni pé ẹgbẹ́ ni wọ́n. Àfi kí wọ́n jókòó. Ọlábánjí fúnra rẹ̀ ló gbé àga rẹ̀ wá sáàárín géètì, ó fi àtẹ́lẹwọ́ nù ún, ó padà sẹ́yìn igi. Oyèdàmọ́lá bẹ̀rẹ̀ sí í tò wọ́n bí ọ̀gá rẹ̀ ṣe kọ́ ọ.

"Bàbá, ẹ tẹ́ ọwọ́ sórí orúnkún. Kí ìka hàn. Rìnsọ́lá, bàtà kejì dà? Fà á síwájú. Ó kù díẹ̀."

Ó kù díẹ̀, ó kù díẹ̀. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ yà á tán ni ọkọ̀ jíìpù kan dé, ó fun fèrè. Bàbá arúgbó ló jókòó sáàárín géètì, kò sì sí ẹ̀ṣọ́ kankan níbẹ̀. Ọlábánjí sáré yọ lẹ́yìn igi. Ọ̀gá ilé ìwé kan tó wà nínú ọkọ̀ yí gíláàsì sísàlẹ̀.

"Ta ló ń ṣọ́ géètì?"

"Èmi ni, sà."

"Láti ibo?"

Ọlábánjí lọ mú Bàbá dìde lórí àga. Gíláàsì padà sókè. Wọ́n gbé àga kúrò, ọkọ̀ wọlé, Rìnsọ́lá lọ dá aṣọ padà.

Ní Ọjọ́bọ̀, Oyèdàmọ́lá gbé fọ́tò tó ti fi férémù sí lọ sí Kuta. Bàbá ò wò ó nínú ilé. Wọ́n gbé e jáde síta gbangba, wọ́n kọ ẹ̀yìn sí oòrùn, wọ́n gbé e súnmọ́ ojú ọ̀tún débi pé imú wọn fẹ́ẹ̀ kan gíláàsì. Láti orí fìlà ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀, wọ́n ń sọ̀ ọ́ kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Nígbà tí wọ́n dé bàtà, wọ́n tún padà sókè.

"Ó ga ju ìyá ẹ̀ lọ," ni wọ́n wí. "Ẹ ò sọ fún mi. Gbogbo yín lẹ rí i, ẹ ò sì sọ fún mi pé ó ti ga ju ìyá ẹ̀ lọ."

Rìnsọ́lá wọlé lọ, kò tètè jáde. Oyèdàmọ́lá jókòó tì wọ́n títí wọ́n fi wò ó tẹ́rùn.

Nígbà tó ń padà bọ̀, ó ní kí ọlọ́kadà dúró níwájú géètì kóun lè dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlábánjí. Obìnrin ẹ̀ṣọ́ kan tó ń jẹ́ Kareemah ló bá níbẹ̀.

"Ẹ̀yin ni Bọ̀dá Fọ́tò? Ẹ kú iṣẹ́ ribiribi. Ẹ ti ya ọ̀rẹ́ yín délé."

Ọ̀sẹ̀ méjì ni wọ́n ní kí Ọlábánjí lọ jókòó sílé láìgbowó. Oyèdàmọ́lá ní kí wọ́n mú òun dé ọ̀dọ̀ ọ̀gá àwọn ẹ̀ṣọ́, ó kúnlẹ̀ bẹ̀bẹ̀, ó ní òun lòun fi àkókò ṣòfò. Ọ̀gá náà ní ẹni tí àánú Ọlábánjí bá ń ṣe lè lọ bá a jókòó nílé.

Ó lọ lóòótọ́. Lọ́jọ́ kejì, ó bá ọkùnrin náà níwájú ilé ní Ilé-Ogbó. Owó wà nínú àpò rẹ̀, ó nà án sí i. Ọlábánjí ò gbà á.

"Ẹ gbé e padà, Bọ̀dá. Tí mo bá gbowó yìí, á jẹ́ pé lóòótọ́ ni mo gbowó lórí géètì bí wọ́n ṣe ń sọ. Mi ò gba kọ́bọ̀. Torí bàbá yẹn ni mo ṣe ṣe é. Ṣé wọ́n rí ọmọ wọn?"

"Wọ́n rí i. Orí dé bàtà."

"Ó dáa nígbà náà. Ọjọ́ ni wọ́n gbà lọ́wọ́ mi, kì í ṣe owó nìkan. Ọjọ́ méjìlá, tí a bá yọ Sunday kúrò."

Oyèdàmọ́lá wo àyíká ilé náà. Ó rí ọkọ́ kan tó sùn sórí ilẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. "Ẹ ní oko?"

"Ẹ̀gẹ́ ni. Koríko ti fẹ́ jẹ ẹ́ tán. Èmi tí mò ń dúró sí géètì láti àárọ̀ dalẹ́, ìgbà wo ni mo fẹ́ ro ó?"

"Ẹ jẹ́ ká ṣe àáró."

Ọlábánjí rẹ́rìn-ín kíkorò. "Àáró? Ibo ni tiyín wà tí màá wá ro padà?"

"Ẹ ti ṣe tiyín ní géètì. Èmi ló kàn."

Ọmọ àgbẹ̀ ni Oyèdàmọ́lá, ṣùgbọ́n ó ti ju ogún ọdún lọ tó ti di ọkọ́ mú kẹ́yìn. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ó ń fà sẹ́yìn wo ibi tó ti ro, ó ń tẹ orí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ọlábánjí ní, "Bọ̀dá, ṣé ẹ̀ ń ro ó ni àbí ẹ fẹ́ yà á ní fọ́tò?" Ọwọ́ Oyèdàmọ́lá lé ròrò, ó fi àkísà wé e. Ọjọ́ tó bá ní ìsọmọlórúkọ tàbí ìgbéyàwó láti lọ yà, kì í lọ sóko. Ọjọ́ tí kò bá ní, ó ti máa ń dé Ilé-Ogbó kí oòrùn tó ràn. Nígbà tí ọ̀sẹ̀ méjì pé, tí Ọlábánjí padà sẹ́nu iṣẹ́, Oyèdàmọ́lá nìkan ló ń lọ.

Nígbà tó kù bí ọjọ́ méjì kó parí, Rìnsọ́lá gbé ẹ̀wà wá bá a lóko. Ó ní Bàbá ní kóun wá kí i. Ojú ọ̀tún náà ti ṣókùnkùn. Wọn ò gbé fọ́tò náà jáde sínú oòrùn mọ́. Orí itan ni wọ́n ń gbé e sí. Tí àlejò bá dé, wọ́n á fi ìka kan gíláàsì, wọ́n á ní, "Fìlà rẹ̀ nìyí, ọwọ́ rẹ̀ nìyí, bàtà rẹ̀ nìyí. Ó ga ju ìyá rẹ̀ lọ." Ìka wọn kì í ṣì.

Oyèdàmọ́lá jẹ ẹ̀wà náà díẹ̀, ó gbé ọkọ́.

Ọjọ́ méjìlá ló ro fún Ọlábánjí, kò dín, kò lé. Ó ro èyí tó kẹ́yìn parí lọ́jọ́ Sátidé, ọjọ́ kẹtàdínlógún oṣù Kẹjọ ọdún 2024, kí aago mẹ́wàá àárọ̀ tó lù.