Mínísítà Tó Mọ Èèyàn Kí

Mi ò ní dárúkọ obìnrin náà. Kò wá ìpolówó lọ́dọ̀ mi, àwọn ará Faransé ló ni ín, kí wọ́n máa pọ́n ọn lé fúnra wọn. Ohun tí mo mọ̀ ni pé kó tó di mínísítà tó ń mójú tó ọ̀rọ̀ àṣà nílùú wọn, orí rédíò ló wà, àti pé bàbá mi, tó ń kọ́ àwọn ọmọ ní èdè Faransé nílé ẹ̀kọ́ girama kan ní Ìdíròkò, fẹ́ràn ohùn rẹ̀ débi pé ìyá mi máa ń pè é ní orogún òun.

Ẹnu ibodè ni Ìdíròkò. Bí o bá yí rédíò síhìn-ín, èdè wa lò ń gbọ́; bí o bá yí i sọ́hùn-ún, Faransé ló ń sọ. Rédíò bàbá mi ti darúgbó, rọ́bà ló fi de ẹ̀yìn rẹ̀ kí bátìrì má baà já bọ́. Ní ìrọ̀lẹ́ á gbé e sójú fèrèsé, á na irin orí rẹ̀ síta, á sì ní kí gbogbo ilé dákẹ́. Ètò obìnrin yìí dá lórí ìwé àti eré orí ìtàgé, ohun tí kò kan ẹnì kankan ládùúgbò wa. Ṣùgbọ́n kó tó dé orí ìwé, á kọ́kọ́ kí èèyàn. Á kí àwọn tó ń wa ọkọ̀ akẹ́rù lọ́nà jíjìn. Á kí àwọn tó wà lórí ibùsùn àìsàn. Á kí àwọn tó ń po ìyẹ̀fun búrẹ́dì, á kí opó tó dá jókòó ti oúnjẹ alẹ́. Bàbá mi á máa túmọ̀ rẹ̀ fún wa, á máa rẹ́rìn-ín.

"Ẹ gbọ́ o," á wí. "Òyìnbó tó mọ èèyàn kí. Ẹni tó bí ọmọ yìí bí i ire."

Ẹnu bàbá mi náà ni mo ti gbọ́ ìtàn rẹ̀. Ọmọ aránṣọ ni, láti ìlú kékeré kan níhà gúúsù. Ìwé títẹ̀ ni wọ́n gbà á fún nílé iṣẹ́ rédíò. Lọ́jọ́ kan, ọ̀fun dun ẹni tó yẹ kó sọ̀rọ̀, wọ́n ní kó bá wọn ka ohun tó tẹ̀, kò sì kúrò nídìí maíkì mọ́. Àwọn ọ̀gá rẹ̀ ní ohùn rẹ̀ ń rùn oko, pé kó lọ kọ́ bí wọ́n ṣe ń sọ̀rọ̀ ní Paris. Wọ́n tún ní ìkíni rẹ̀ ti pọ̀ jù. Kò kọ́ nǹkan kan, kò sì dín ìkíni kù. Nígbà tó yá, ààrẹ ìlú wọn fi í ṣe mínísítà, bàbá mi sì ra mínírà fún gbogbo olùkọ́ ẹgbẹ́ rẹ̀. Wọ́n bi í bóyá ẹbí rẹ̀ ni. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni.

Oyè náà kò pẹ́ lọ títí. Ó bá àwọn mínísítà ẹgbẹ́ rẹ̀ jà nítorí ilé eré kan tí wọ́n fẹ́ tì pa nílùú àwọn òṣìṣẹ́, ni wọ́n bá yọ ọ́. Àwọn ìwé ìròyìn fi í ṣe yẹ̀yẹ́, bàbá mi ń kà á, ó ń bínú. Nígbà tó ṣe, a tún jókòó síwájú fèrèsé lọ́jọ́ kan, la bá gbọ́ ohùn yẹn. Ó kí àwọn awakọ̀ akẹ́rù. Ó kí aláìsàn, ó kí àwọn tó ń po búrẹ́dì, ó kí opó. Lẹ́yìn náà ló ṣí ìwé rẹ̀. Kò dárúkọ ìjọba rárá, bí ẹni pé kò kúrò nídìí maíkì rí. Nígbà tó parí, bàbá mi pa rédíò, ó kọjú sí mi.

"Wọ́n lè gba oyè lọ́wọ́ èèyàn," ó ní. "Ta ni yóò gba ẹnu rẹ̀?"

Ọ̀rọ̀ yìí ló wà lọ́kàn mi lọ́dún tó kọjá, nígbà tí èmi àti ọ̀gá rédíò wa forí gbárí. Ìlú Ọba ni mo wà báyìí, Whalley Range ni mo ń gbé. Eccles ni mo ti ń ṣiṣẹ́, ní ọ́fíìsì kan tó ń bójú tó ilé àwọn ayálégbé. Fóònù ni mo ń gbé látàárọ̀ dalẹ́, tí àwọn èèyàn ń bú mi nítorí ògiri tó ń rin. Ṣùgbọ́n láàárọ̀ Sátidé, ẹ má fọwọ́ kàn mí. Mo ní wákàtí kan lórí rédíò àdúgbò wa, nínú yàrá kékeré tó wà lókè gbọ̀ngàn ṣọ́ọ̀ṣì kan, Yorùbá ni mo sì ń sọ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Mo ń ka ìròyìn, mo ń sọ̀rọ̀ visa, mo ń polówó yàrá fún ẹni tó ń wá yàrá. Kí n tó ṣe gbogbo ìyẹn, mo máa ń kí èèyàn. Ẹ̀yin tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bọ̀ láti night shift, ẹ kú àárẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ dúró de bọ́ọ̀sì, ẹ kú òtútù. Ẹni tó bímọ, ẹ kú ewu. Ẹni tí ìwé ìgbélùú rẹ̀ wà ní Home Office, tí wọn ò dá a lóhùn, ẹ kú ìfaradà. Ẹni bá fẹ́ kí n kí òun á fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí mi láàárín ọ̀sẹ̀, mi ò sì fo ẹnì kankan rí.

Ọ̀gá rédíò wa jẹ́ ọmọkùnrin kan tí wọ́n bí síbí, Ìjẹ̀bú ni àwọn òbí rẹ̀ ti wá. Èèyàn dáadáa ni, mi ò ní parọ́ mọ́ ọn. Ó máa ń tẹrí ba kó tó kí mi, kò jẹ́ jókòó kí n dúró. Ṣùgbọ́n ìkíni mi ń dùn ún lára.

"Aunty, ẹ má bínú ma," ó sọ fún mi lọ́jọ́ kan, "but the greetings, it's dead long. Content dà? It's just hello, innit."

"Ìkíni ni content," mo dá a lóhùn. "Ọ̀rọ̀ visa ni ìpolówó."

Ó rẹ́rìn-ín. Èmi ò rẹ́rìn-ín.

Lẹ́yìn èyí ló ní kí gbogbo àwa tá a ní ètò gba ohùn wa sílẹ̀, kí kálukú sọ̀rọ̀ nípa sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ kan tó mú un nífẹ̀ẹ́ rédíò. Wọn á gbé e sórí afẹ́fẹ́ ní àyè ètò kálukú, ìgbìmọ̀ tó ń darí rédíò á gbọ́ ọ, wọn á fi mọ ẹni tí yóò ṣì ní àyè nígbà tí wọ́n bá tún ètò tò. Àwọn mìíràn sọ̀rọ̀ nípa àwọn tó ń ròyìn bọ́ọ̀lù. Èmi mú obìnrin Faransé mi. Mo kọ́kọ́ kí èèyàn bí ìṣe mi, mo kí wọn dáadáa, torí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀ wá lọ́sẹ̀ náà: bàbá àgbàlagbà kan ní Ashton, tó ti fi ọ̀pọ̀ ọdún wa bọ́ọ̀sì níbí, ṣẹ̀ṣẹ̀ kú. Nígbà tí bàbá náà wà nílé ìwòsàn, gbogbo Sátidé ni mo ń kí i, ìyàwó rẹ̀ á gbé rédíò sí i létí. Mo kí ìyá náà kú ará fẹ́ra kù. Mo wá sọ ìtàn aránṣọ tó bí mínísítà, àti ti bàbá mi pẹ̀lú fèrèsé rẹ̀, tí mo sì fi kún un pé bàbá mi náà ti lọ. Mo fi ohùn náà ránṣẹ́ sí ọ̀gá.

Sátidé dé, mo wà ní kíṣíìnì mi, mò ń dúró láti gbọ́ ara mi. Ohun tí mo gbọ́ ni, "Obìnrin kan wà nílẹ̀ Faransé." Ọ̀gá ti gé gbogbo ìkíni kúrò. Ètò tó dá lórí obìnrin tó mọ èèyàn kí, ó gé ìkíni inú rẹ̀ dànù.

Òyìnbó á gbọ́ irú ètò bẹ́ẹ̀, kò ní mọ̀ pé nǹkan sọnù. Yorùbá gbọ́ ọ, ó ní ìjà dé. Nígbà tí mo dé ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ kejì, arábìnrin tó máa ń fún mi láyè lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ gbé báàgì rẹ̀ sórí àga. Òmíràn kí mi gán-ín gán-ín, ó ní, "Ẹ káàárọ̀, ẹni ńlá. Àbí passport òyìnbó ti dé ni?" Wọ́n ti parí ẹjọ́ mi láìpè mí. Èyí tó dùn mí jù ni ti ọmọbìnrin ìyá Ashton, tó fóònù mi lálẹ́.

"Aunty, Mama ní kí n bi yín," ó ní. "Kí ni Daddy ṣe fún yín?"

Mo wọ tram lọ sí Ashton lọ́jọ́ kejì tí mo kúrò níbi iṣẹ́. Mama jókòó sí pálọ̀, rédíò ṣì wà lórí àga bàbá, ẹ̀gbẹ́ ibi tó máa ń gbé orí lé. Ó ti pe àwọn ẹbí rẹ̀ ní Ṣágámù àti ní London, ó ní kí wọ́n gbọ́ ọ lórí fóònù, bí rédíò yóò ṣe kí ọkọ òun. Gbogbo wọn tẹ́tí, wọn ò gbọ́ nǹkan kan. Mo kúnlẹ̀, mo ṣàlàyé pé mo kí wọn, ẹ̀rọ ló gé e.

"Ẹ̀rọ kì í gé èèyàn," Mama ní. "Èèyàn ló ń gé èèyàn. Dìde, ọmọ mi. Mi ò bá ẹ jà. Ṣùgbọ́n ibi tó o ti fo ọkọ mi, ibẹ̀ ni kó o ti padà kí i. Etí tó gbọ́ pé wọn ò kí i, òun náà ni kó gbọ́ ọ."

Mo ṣèlérí fún un. Nígbà tí mo sọ ọ́ fún ọ̀gá rédíò, ojú tì í, ó bẹ̀ mí tọkàntọkàn. Ó wá ní inú ìgbìmọ̀ dùn sí ètò náà gan-an, pàápàá bó ṣe tètè wọnú ọ̀rọ̀.

"So from now on, aunty, one minute, then straight in. Ẹ jọ̀ọ́ ma. Tí kò bá rí bẹ́ẹ̀, the football lads want your slot, mi ò ní lè gbà yín sílẹ̀."

"Mo gbọ́," mo ní. Mi ò sọ pé mo gbà.

Ní Sátidé tó tẹ̀ lé e, mo jókòó sídìí maíkì, mo sì kọ́kọ́ lọ sí Ashton. Mo pe bàbá yẹn ní ọkọ aya rẹ̀, bàbá àwọn ọmọ rẹ̀. Mo dárúkọ ọ̀nà tó máa ń gbà wa bọ́ọ̀sì, mo ní ẹnikẹ́ni tí bàbá bá ti fi bọ́ọ̀sì dúró dè rí nínú òjò, kó wí pé ẹ kú iṣẹ́. Mo kí ìyàwó rẹ̀, mo kí Ṣágámù, mo kí London. Mo kí gbogbo ẹni tí wọ́n gé. Ọ̀gá dúró sẹ́yìn gíláàsì, ó ń nàka sí aago. Kò sí bí a ṣe fẹ́ ṣe ebòlò tí kò ní rùn ìgbẹ́: mo ti ìròyìn sẹ́gbẹ̀ẹ́, mo ti ọ̀rọ̀ visa sẹ́gbẹ̀ẹ́, mo ń kí èèyàn lọ. Fóònù bẹ̀rẹ̀ sí í dún. Ẹnì kan wà nínú bọ́ọ̀sì, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ lẹ́nu iṣẹ́, ó ní kí n kí òun kí òun tó sùn lọ. Arábìnrin tó gbé báàgì sórí àga náà pè.

"Ẹ bá mi kí ọ̀gá mi," mo wí sínú maíkì. "Ó wà lórí ìdúró láti àárọ̀. O kú ìdúró o, ọmọ Ìjẹ̀bú."

Ó ti gbọ́wọ́ sókè láti dá mi lóhùn kó tó rántí pé ó ń bínú.

Ẹni tó pè kẹ́yìn ni Mama. Mo rò pé ó fẹ́ dúpẹ́ ni.

"Gbogbo ayé lo ti kí," ó ní. "Ìwọ ńkọ́, ta ló ń kí ọ? Mo gbọ́ nínú ètò yẹn pé bàbá tìẹ náà ti lọ. O kú ará fẹ́ra kù, ọmọ mi."

Orí fóònù ni mo ti wo ìsìnkú bàbá mi, ní àsìkò oúnjẹ ọ̀sán ní Eccles, mo sì padà sídìí fóònù àwọn tó ń bú mi. Mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni, torí náà ẹnikẹ́ni ò kí mi. Omi bọ́ lójú mi lórí rédíò, mi ò nù ún. Mo ní, "Ẹ ṣeun ma," wákàtí náà sì parí.

Wọ́n gba àyè náà lọ́wọ́ mi. Ọ̀gá fúnra rẹ̀ ló pè mí, ohùn rẹ̀ rẹlẹ̀. Àwọn ọmọkùnrin tó ń sọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù ló ń lò ó báyìí, mo sì gbọ́ pé wọn ò kí ẹnì kankan.

Nígbà tí Sátidé tún dé, mo wọ tram lọ sí Ashton. Mama gbé rédíò kúrò lórí àga bàbá, ó ní kí n jókòó síbẹ̀. Mo gbé fóònù mi sẹ́nu, mo tẹ ibi tí wọ́n ti ń gba ohùn sílẹ̀, ní àsìkò tí ètò mi máa ń bẹ̀rẹ̀ gan-an. Ẹ̀yin tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bọ̀ láti night shift, ẹ kú àárẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ dúró de bọ́ọ̀sì, ẹ kú òtútù. Mo kí wọn tán pátá kí n tó dé orí ìròyìn, mo sì fi ránṣẹ́ sí gbogbo ẹni tó ti kọ̀wé sí mi rí. Mi ò dárúkọ rédíò rárá.

Ẹni tó kọ́kọ́ dáhùn fi ohùn rẹ̀ ránṣẹ́, ohùn náà ń kólòlò díẹ̀ nínú Yorùbá. "Aunty, ẹ kú ìjókòó ma."

Mama bi mí ta nìyẹn. Mo ní ọ̀gá mi ni.