Búrẹ́dì Tí Wanis Kò Gún

Wọ́n ní Wanis fẹ́ fi ìjọ wa sílẹ̀. Ìyá Marko ló gbé e wá níbi tí a ti ń ṣa ẹ̀wà: ó ní wọ́n rí i lẹ́ẹ̀mejì ní ìlú Mallawi, lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì àwọn Ajíhìnrere. N kò gbà á gbọ́ tán, ṣùgbọ́n n kò sọ pé irọ́ ni. Ẹni tó ti ń jókòó síwájú ní ìpàdé ọjọ́ Ẹtì láti ọgbọ̀n ọdún, tó wá bọ́ sẹ́yìn lójijì, tó ń jókòó ti ilẹ̀kùn bí ẹni tó ń dúró de ọkọ̀, nǹkan ń bẹ níkùn rẹ̀.

Wanis ló ń ṣe búrẹ́dì pẹpẹ wa. Ọjọ́ tí bàbá rẹ̀ kú ló ti wọ Bẹtilẹhẹmu, yàrá ààrò tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì, níbi tí obìnrin kì í wọ̀. Èmi tí mo fi búrẹ́dì ọwọ́ mi tọ́ ọmọ mẹ́rin dàgbà, ẹnu ọ̀nà ni mo ti ń kí i. Kíláàsì kẹta ló ti sá fún ilé ìwé, síbẹ̀ gbogbo Orin Dafidi wà lórí ahọ́n rẹ̀, nítorí a kì í po ìyẹ̀fun náà láìkà á. Kì í fi iyọ̀ sí i. Á tẹ àmì àgbélébùú sí i lórí, lẹ́yìn náà á mú igi tẹ́ẹ́rẹ́, á gún un níhò márùn-ún: mẹ́ta fún ìṣó, ọ̀kan fún adé ẹ̀gún, ọ̀kan fún ọ̀kọ̀. Bí o bá sọ fún un pé búrẹ́dì náà le, á ní kí o lọ bi eyín rẹ léèrè.

Rifka ìyàwó rẹ̀ kì í yé pa á lẹ́rìn-ín. Àìsàn inú egungun ló mú obìnrin náà lọ lẹ́yìn oṣù méje tó fi jẹ̀rora. Mo máa ń bá a yí i lórí ibùsùn, ohun kan ṣoṣo ni mo sì ń gbọ́ tí Wanis ń sọ sí i létí: “Ó dun Olúwa náà, Rifka. Ó mọ̀ ọ́n.” Kò ní oògùn mìíràn fún un. Láti ìgbà tó ti lọ, ààrò yẹn nìkan ló kù tó ń mú Wanis dìde láàárọ̀.

Ni Dókítà Samih bá ti Kairo dé. Apòògùn ni, bàtà rẹ̀ ń dán, ohùn rẹ̀ dùn bí oyin ìrèké. Wọ́n gbé ẹ̀kọ́ ọjọ́ Ẹtì lé e lọ́wọ́. Á pín ìwé fún wa, bí ẹ̀kọ́ bá sì parí, á gbà á padà lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó bá fún ọ ní nǹkan tí kò jẹ́ kí o gbé e délé, máa ṣọ́ ọ.

Ohun tó ń kọ́ wa ni pé ìrora kò lè kan Ọlọ́run, nítorí náà Ẹni tó wà lórí igi kò mọ nǹkan kan lára. Ojú àwọn ènìyàn ló rí ìyà. Òun wà nínú ìrọ̀rùn rẹ̀, bí oòrùn ṣe ń ràn sórí ẹrẹ̀ tí ẹrẹ̀ kì í yí i. Ó dùn létí, ká má purọ́. Ìyá Marko ní ó gbé ẹrù kúrò láyà òun. Abuna Sawiris, àlùfáà wa, kàn ń fi ọwọ́ pa irùngbọ̀n rẹ̀ ni. Wọ́n ní ẹ̀gbọ́n Dókítà ni akọ̀wé bíṣọ́ọ̀bù.

Lọ́jọ́ Ẹtì kẹrin, Wanis wọlé pẹ̀lú búrẹ́dì kan nínú aṣọ funfun, ó gbé e fún Abuna. Ọwọ́ Abuna ti mọ́ iṣẹ́ ọjọ́ Àìkú, nígbà tó máa ń yan èyí tí kò lábùkù nínú búrẹ́dì tí a bá gbé wá. Ó yí i síwá, ó yí i sẹ́yìn. Ọwọ́ rẹ̀ dúró.

“Bàbá Wanis, ẹ gbàgbé láti gún un.”

“N ò gbàgbé, Abuna. Ṣé ẹ lè gbé e sórí pẹpẹ bẹ́ẹ̀?”

“Rárá o.”

“Kí ló ṣe é? Kò jó, kò ní iyọ̀.”

“Kò lọ́gbẹ́,” ni Abuna wí, ojú rẹ̀ sì yí padà bí ẹni tó fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ wọ pàkúté.

Dókítà rẹ́rìn-ín músẹ́. Ó ní àmì lásán ni ihò, àmì ohun tí ojú rí. Àti pé òun kò tilẹ̀ sọ pé Olúwa kò jìyà, àwọn àgbàlagbà ni kò gbọ́ òun yé. Mo wo itan mi, mo wo ti Ìyá Marko. Kò sí ìwé lọ́wọ́ ẹnì kankan.

Wanis ní òun ti lọ bá àlùfáà àgbà tó fẹ̀yìn tì ní Mallawi lẹ́ẹ̀mejì, ilé rẹ̀ ló kángun sí ṣọ́ọ̀ṣì àwọn Ajíhìnrere. Bàbá náà ní ẹ̀kọ́ yìí ti pẹ́ láyé, àwọn baba wa sì ti lé e jáde tipẹ́. Ìyá Marko bẹ̀rẹ̀ sí í tún ìborùn rẹ̀ ṣe.

“Dókítà, ìyàwó mi jẹ̀rora kú. Mo sọ fún un pé ó dun Olúwa náà. Ṣé irọ́ ni mo pa fún un?”

“Bàbá, ọ̀rọ̀ ìtùnú ní àyè tirẹ̀ fún àwọn tí kò kàwé.”

“Mo bi ọ́ bóyá irọ́ ni, ọmọ mi. N ò bi ọ́ nípa ìwé.”

Abuna sáré bọ́ sí i. Ó ní kí Wanis tọrọ àforíjì lọ́wọ́ Dókítà níwájú gbogbo wa. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, Bisada àna Wanis ni yóò gba Bẹtilẹhẹmu láti ọjọ́ Àìkú. Kò wo ojú Wanis nígbà tó ń sọ ọ́. Dókítà ní kí wọ́n fi bàbá sílẹ̀, òun yóò fi ọ̀rọ̀ Gíríìkì kan ṣàlàyé fún un wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, ó sì bẹ̀rẹ̀.

Wanis dìde. Ó fi aṣọ funfun náà sílẹ̀ lórí tábìlì.

“Ẹ fún Bisada, Abuna. Ṣùgbọ́n ẹ sọ fún un kó máa gún un.”

Dókítà kò tíì dé ìdajì ọ̀rọ̀ Gíríìkì náà nígbà tí Wanis fa ilẹ̀kùn dé lẹ́yìn ara rẹ̀, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́.