Wákàtí Mẹ́rìnlá Tí Wọ́n Fagi Lé Nínú Ìwé Mi

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ fara balẹ̀ gbọ́ ẹjọ́ mi. Mi ò wá síbí láti sunkún o. Mo fẹ́ to ọ̀rọ̀ náà lẹ́sẹẹsẹ, kẹ́ ẹ wá sọ fún mi: kí ni mo ṣe?

Mo ń kẹ́kọ̀ọ́ gboyè másítáàsì ní yunifásítì. Iṣẹ́ tí mo ń kọ́ ni ti saikọ́lọ́jísìtì iléèwé, ẹni tó máa ń wádìí ìdí tí ẹ̀kọ́ ò fi wọ ọmọ kan lórí, tó sì máa ń sọ ohun tó yẹ kí tíṣà àti òbí ṣe sí i. Kì í ṣe wèrè là ń wò o! Kí n tètè sọ ìyẹn, torí ìbéèrè yẹn ti sú mi.

Kí wọ́n tó lè fún wa níwèé ẹ̀rí, a gbọ́dọ̀ ṣe ọ̀ọ́dúnrún wákàtí nínú iléèwé gidi. Ìwé kan wà tí à ń kọ wákàtí náà sí, ọ̀gá iléèwé á sì máa buwọ́ lù ú. Bí kò bá buwọ́ lù ú, o ò ṣe nǹkan kan nìyẹn.

Iléèwé aládàáni kan ní Ẹgbẹ́dá ni wọ́n pín mi sí. Mọ́mì ni gbogbo èèyàn ń pe obìnrin tó ni ín, àti tíṣà àti ọmọléèwé. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, Mọ́mì ka lẹ́tà mi, ó ní Ọlọ́run ló rán mi wá, torí tíṣà kíláàsì kejì ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ ni.

Ṣé ẹ rí i? Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà gbáko ni mo fi kọ́ kíláàsì kejì ní ìṣirò. Mo ṣọ́ ìdánwò, mo máàkì ìwé, mo to ọmọ sí ìlà lọ jẹun. Yàrá tí wọ́n ṣèlérí fún mi, páálí ìwé ló kún ibẹ̀ dé àjà. Àwọn tíṣà sọ mí ní Anti Saikọ́lọ́jì. "Anti Saikọ́lọ́jì, ẹ jọ̀ọ́ ẹ bá wa bá bọ́ọ̀sì iléèwé sọ̀rọ̀, kò fẹ́ sítáàtì!" Èmi náà á rẹ́rìn-ín, torí Mọ́mì ṣáà ń buwọ́ lu wákàtí mi.

Nígbà tó di ọ̀sẹ̀ keje, Mọ́mì pè mí. Ó ní ọmọbìnrin kan wà ní kíláàsì kẹta, Rọ̀fíà, ọmọ ọdún mẹ́jọ, kì í sọ̀rọ̀, òdo ló ń gbà. Ó ní kí n dán an wò, kí n sì kọ ọ́ síwèé pé ọpọlọ rẹ̀ ò pé, kí ìyá rẹ̀ lè mú un lọ síbòmíràn. Ẹ gbọ́ o: èsì ti wà nílẹ̀ kí ìdánwò tó bẹ̀rẹ̀!

Mo kọ́kọ́ ní kí ìyá rẹ̀, aránṣọ ní Ìgàndò, buwọ́ lu fọ́ọ̀mù pé òun gbà kí n dán ọmọ náà wò, bó ṣe yẹ. Òun ló sọ fún mi pé ọ̀dọ̀ ìyá òun ní Ìṣẹ́yìn ni Rọ̀fíà dàgbà sí, kò tíì pé ọdún kan tó dé Èkó.

Èmi àti ọmọ náà jókòó láàárín páálí. Mo bi í léèrè lédè Gẹ̀ẹ́sì, ó wolẹ̀. Mo tún bi í, ó tún wolẹ̀. Mo ní, "Rọ̀fíà, jẹ́ ká sọ Yorùbá."

Ó kọ́kọ́ wo ẹnu ọ̀nà. Ó wá rọra bi mí pé, "Anti, wọn ò ní nà wá?"

Ẹ ṣáà mọ̀ bó ṣe rí nírú iléèwé bẹ́ẹ̀: fanákúlà lẹ̀ṣẹ̀. Ọmọ tó bá sọ Yorùbá, wọ́n á kọ orúkọ rẹ̀ sínú ìwé kan, wọ́n á sì pè é jáde ní àsẹ́ńbílì ọjọ́ Ẹtì. Ọmọ yìí ò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, kò sì gbọdọ̀ sọ Yorùbá. Kí ni kó wá sọ?

Mo ní kò sẹ́ni tó máa nà wá. Mo bi í pé báwo ni bọ́ọ̀sì àti kẹ̀kẹ́ Márúwá ṣe jọra. Ó ní àwọn méjèèjì ń gbé èèyàn. Mo ti ń kọ ọ́ sílẹ̀ kó tó fi kún un pé, "Àwọn méjèèjì kì í sì í ní ṣéńjì." Mo rẹ́rìn-ín títí! Mo ka nọ́ńbà márùn-ún fún un, ó kà á padà láti ẹ̀yìn. Mo da àwòrán rú, ó tò ó, ó sì fi pa ìtàn fún mi.

Ìdánwò, wíwò ó ní kíláàsì, kíkọ rípọ́ọ̀tù: gbogbo rẹ̀ jẹ́ wákàtí mẹ́rìnlá. Mo kọ ọ́ pé ọpọlọ ọmọ yìí pé pérépéré, pé Gẹ̀ẹ́sì ni kò tíì gbọ́, kí wọ́n máa fi Yorùbá ṣàlàyé fún un ná.

Àfi bó ṣe di àsẹ́ńbílì ọjọ́ Ẹtì! Ọmọ tí wọ́n yàn pé kó máa kọ orúkọ àwọn tó bá sọ Yorùbá ti gbọ́ wa lójú wíńdò. Wọ́n pe Rọ̀fíà. Wọ́n pe Anti Saikọ́lọ́jì. Èmi! Àgbàlagbà! Àwọn ọmọ kíláàsì kejì tí mo ń kọ́ bú sẹ́rìn-ín.

Mo gba ọ́fíìsì Mọ́mì lọ. Ó ti ka rípọ́ọ̀tù mi. "Ìwọ ọmọ yìí, ṣé wọ́n rán ẹ wá ba iléèwé mi jẹ́ ni? Ṣé torí Yorùbá làwọn òbí ṣe ń kó ọmọ wọn wá síbí?" Yorùbá pọ́ńbélé ló fi ń bú mi o! Ó ní kí n tún un kọ. Mo ní mi ò lè fi orúkọ mi sábẹ́ irọ́. Ó ní ó dáa, kí n gbé ìwé wákàtí mi wá.

Ó mú bírò pupa. Gbogbo wákàtí tí mo fi kọ́ ìṣirò, tí mo fi ṣọ́ ìdánwò, tí mo fi to ọmọ sí ìlà, ó buwọ́ lù ú. Wákàtí mẹ́rìnlá ti Rọ̀fíà, ó fagi lé e, ó kọ ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ pé òun ò rán mi níṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Òun tó pè mí fúnra rẹ̀! Ẹ bá mi wò ó: nínú gbogbo wákàtí yẹn, àwọn mẹ́rìnlá yẹn nìkan ni mo fi ṣe iṣẹ́ tí mo wá kọ́.

Olùkọ́ tó ń bójú tó iṣẹ́ mi ní yunifásítì ní, "Lọ kúnlẹ̀ bẹ̀ ẹ́ jàre, kó o lè parí." Lóòótọ́, mo lọ. Ẹnu géètì ni mo ti pàdé ìyá Rọ̀fíà tó ń jáde bọ̀, ojú rẹ̀ ti pọ́n. Mọ́mì ti sọ fún un pé èmi ni mo ní ọpọlọ ọmọ rẹ̀ ò pé! Ó ní, "Anti, ṣebí ẹ̀yin lẹ ní kí n buwọ́ lù ú?"

Mi ò wọlé lọ bẹ̀bẹ̀ mọ́. Ẹ̀bá títì níbẹ̀ ni mo ti ka rípọ́ọ̀tù náà fún un ní Yorùbá. Ó ní kí n tún ibi tí mo ti ní ọpọlọ ọmọ rẹ̀ pé kà. Mo tún un kà. Mo sì fi ẹ̀dà kan lé e lọ́wọ́.

Rọ̀fíà ti wà ní iléèwé ìjọba nítòsí ilé wọn báyìí. Èmi ò bá àwọn ẹgbẹ́ mi parí.

Ohun tí mo rí kọ́ rèé: ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ lọ kọ́ṣẹ́ níléèwé, ẹ má bẹ̀rẹ̀ láìjẹ́ pé wọ́n ti kọ ọ́ sílẹ̀ ohun tẹ́ ẹ máa ṣe àti ohun tí ẹ ò ní ṣe. Ẹ̀yin òbí, bí wọ́n bá ní ọmọ yín ò mọ̀wé, ẹ bi wọ́n pé èdè wo ni wọ́n fi bi í.

Lọ́jọ́ Ajé, mo ń lọ bẹ̀rẹ̀ wákàtí mẹ́rìnlá yẹn lákọ̀tun ní iléèwé mìíràn ní Ìkòtún. Ta ni irú èyí ti ṣẹlẹ̀ sí rí? Ṣé ẹ lọ bẹ̀bẹ̀, àbí ẹ kọ̀? Ẹ sọ ọ́ fún mi nísàlẹ̀ níbí bó ṣe rí gan-an, ẹ má fi kún un, ẹ má sì yọ níbẹ̀.