Ọkọ̀ Gígùn Tí Mo Rà fún Ìyá Mi

Lọ́jọ́ tí ọkọ̀ mi kékeré kú sọ́nà nítòsí Mámù, wákàtí méjì gbáko ni ìyá mi kò fi bá mi sọ̀rọ̀. Ibàdàn la ti ń bọ̀, níbi tí wọ́n ti máa ń fi ẹ̀rọ fọ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀, nítorí pé kíndìnrín rẹ̀ kò ṣiṣẹ́ mọ́. Bí wọ́n bá ti fọ ọ́ tán, ara rẹ̀ á máa gbọ̀n, ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀ á sì le gbagidi, kò ní ṣeé ká. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe jókòó sínú ọkọ̀ gbígbóná náà, tí orúnkún rẹ̀ kan ẹ̀yìn àga iwájú, tí èmi sì ń da omi sí ẹ́ńjìnnì tó ń hó. Nígbà tí a padà délé ní Ìjẹ̀bú-Òde lálẹ́, gbólóhùn kan péré ló sọ.

“Mi ò lọ mọ́.”

Ẹ̀rù bà mí. Dókítà ti sọ fún mi láìfi bò pé bí ìyá bá pa á jẹ fún ọ̀sẹ̀ méjì, kí n múra ọkàn mi sílẹ̀. Mo bẹ̀ ẹ́ títí. Níkẹyìn ó gbà láti máa bá ọkọ̀ háyà lọ, títí n ó fi rí ọkọ̀ tó ṣeé gbọ́kàn lé. Mo ṣèlérí fún un pé kò ní pẹ́. Èmi kì í ṣe ẹni tó ń ṣèlérí lásán. Bí mo bá ti sọ pé n ó ṣe nǹkan, mo lè jà nítorí rẹ̀, kódà pẹ̀lú ẹni tí mo ń ṣe é fún.

Tíṣà ni mí ní Ìjẹ̀bú-Imùṣin. Bí mo bá ro ìrìn Ibàdàn ẹ̀ẹ̀mejì pọ̀ mọ́ ìrìn ilé-ìwé, mo rí i pé títì ni mò ń gbé, ilé ni mò ń ṣe àlejò. Ohun tí mo nílò ni ọkọ̀ tí ìyá mi lè na ẹsẹ̀ nínú rẹ̀, tí yóò máa fẹ́ atẹ́gùn tútù sí i lára láì sọ agbára nù lórí òkè, tí ọ̀nà jíjìn kò sì ní dá a lágara. Àwọn èèyàn ní kí n ra jíìpù. Mo ní jíìpù ga, ìyá mi kò lè máa gun àkàbà lọ sí Ibàdàn. Ohun tó wá sí mi lọ́kàn ni àwọn ọkọ̀ gígùn tí ẹ̀yìn wọn tẹ́jú, èyí tí a máa ń pè ní wágọ̀n, kó sì jẹ́ èyí tó ń mu dísẹ́ẹ̀lì. Olùkọ́ kan níbi iṣẹ́ wa rẹ́rìn-ín sí mi. Ó ní ta ló tún ń wa dísẹ́ẹ̀lì láyé yìí bí kò ṣe àwọn onílọ́rì? Mo dá a lóhùn pé àwọn onílọ́rì yẹn gan-an ló ń dé ibi tí wọ́n ń lọ.

Bí mo ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í rìn káàkiri nìyẹn. Gbogbo ibi tí wọ́n ti ń ta tòkunbọ̀ tí mo dé, ọ̀rọ̀ kan náà ni wọ́n fi ń pàdé mi: “Ọ̀gá ńkọ́, màdáámù?” Ó ti tó ọdún mẹ́fà tí ọkọ mi ti kú. Nígbà tí ẹni kẹrin béèrè, mo ní ọ̀gá wà lábẹ́ ilẹ̀, kó lọ bi í níbẹ̀ bóyá ó fẹ́ kí n ra ọkọ̀. Ọkùnrin náà kò lè wò mí lójú mọ́. Mo mọ̀ pé ẹnu mi mú jù lọ́jọ́ náà, àmọ́ mi ò padà lọ bẹ̀ ẹ́.

Nígbà tó yá, mo wá mẹkáníìkì kan ní Ayépé, bàbá arúgbó tó ti ń tún àwọn lọ́rì tó ń kó pákó ṣe láti ìgbà tí irun rẹ̀ ṣì dúdú. Kò fọwọ́ kan ọkọ̀ kékeré rí tipẹ́tipẹ́, ṣùgbọ́n ó ní dísẹ́ẹ̀lì ni dísẹ́ẹ̀lì ń jẹ́, ìbáà kéré, ìbáà tóbi. Ó gbà láti bá mi lọ, kìkì pé àárọ̀ kùtùkùtù nìkan ni òun máa ń yẹ ọkọ̀ wò.

Èyí tí a kọ́kọ́ lọ wò wà lọ́nà Ibàdàn, ó dúdú, ó ń dán. Bàbá kò tilẹ̀ wo inú rẹ̀. Ó gbé àtẹ́lẹwọ́ lé bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó yí padà, ó ní ká máa lọ. Mo bi í pé kí ló dé.

“Ó ti gbóná, Tíṣà. Wọ́n ti jí i ká tó dé,” ló wí. “Dísẹ́ẹ̀lì tí ara rẹ̀ bá dá, nínú òtútù àárọ̀ ló ti yẹ kó dìde fúnra rẹ̀. Ẹni tí wọ́n ń gbé dìde kí àlejò tó wọlé, àìsàn ń ṣe é nìyẹn.”

Ti ẹlẹ́ẹ̀kejì, òǹkà kìlómítà rẹ̀ kéré débi pé inú mi ti ń dùn. Bàbá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó fọwọ́ pa rọ́bà tí a máa ń fi ẹsẹ̀ tẹ̀ láti fi dá ọkọ̀ dúró. Rọ́bà náà ti jẹ títí, ó ti rí pẹlẹbẹ. Ó ní òǹkà ń sọ̀rọ̀ ọmọdé, ẹsẹ̀ ń sọ̀rọ̀ àgbà, òun kò sì lè ra ọkọ̀ tí ẹnu rẹ̀ kò kò.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko la fi ṣe bẹ́ẹ̀ kiri. Lóru pàápàá, ìró ẹ́ńjìnnì ló ń dún sí mi létí. Nígbà tó yá ni ẹnì kan júwe òṣìṣẹ́-fẹ̀yìntì kan fún wa ní Ọ̀dọgbolú, tó kó wágọ̀n rẹ̀ bọ̀ láti ìlú òyìnbó pẹ̀lú ẹrù rẹ̀, tí ojú rẹ̀ kò sì jẹ́ kó wakọ̀ mọ́. Òǹkà ọkọ̀ náà ga bí òkè, kò sì fi pa mọ́. Inú bàbá mẹkáníìkì dùn sí i. Ó ní èyí kò purọ́ ọjọ́ orí. A dé bá a ní tútù, ìrì ṣì wà lára rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kan péré la yí kọ́kọ́rọ́, ó dáhùn. Bàbá ṣí ìdérí ibi tí wọ́n ń da ọ́ìlì sí nígbà tí ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́, ó fi ọwọ́ sókè rẹ̀ láti mọ̀ bóyá ó ń mí gúlegúle. Ẹ́ńjìnnì tó ti gbó ló ń mí bẹ́ẹ̀, èyí kò mí. Èéfín díẹ̀ yọ, ó sì pòórá.

A gbé e jáde sí ọ̀nà márosẹ̀. Nígbà tí mo tẹ̀ ẹ́, ó ṣe bí ẹni ń ronú fún ìṣẹ́jú àáyá kan, lẹ́yìn náà ó fà mí mọ́ àga. Mo rẹ́rìn-ín síta. Obìnrin tó ti lé ní àádọ́ta ọdún, tó máa ń lejú mọ́ ọmọ ilé-ìwé, ń rẹ́rìn-ín nítorí ọkọ̀. Òkè tí ọkọ̀ mi kékeré máa ń gùn pẹ̀lú àdúrà, èyí gùn ún bí ẹni tí kò mọ̀ pé òkè ni.

Nígbà tí a padà, bàbá kìlọ̀ fún mi pé nílé epo, n kò gbọdọ̀ sọ pé kí wọ́n rọ epo fún mi láéláé. Ẹni tó bá sọ pé epo, bẹntiróòlù ni wọ́n ń rọ fún un, ẹ́ńjìnnì yóò sì bàjẹ́. Dísẹ́ẹ̀lì ni kí n máa sọ, kí n sì dúró tì wọ́n. Mo ní mo gbọ́. Mo ṣí ẹ̀yìn, mo dojú àga dé, ilẹ̀ rẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ. Ìyá mi lè nà gbalaja síbẹ̀. Ọkọ̀ náà funfun. Ẹni tó ni ín ti ta kọ́tìnnì sí àwọn fèrèsé ẹ̀yìn nítorí oòrùn, mo sì wò ó pé ìyẹn tún dára sí i. Bàbá mẹkáníìkì ń wo kọ́tìnnì náà.

“Tíṣà, ṣé ìyá ti rí i?” ó béèrè.

“Ṣé ìyá mọ ọkọ̀ ni?” ni mo dá a lóhùn. Mo san owó ọkọ̀ náà lọ́jọ́ yẹn.

Ọ̀sán Sátidé ni mo gbé e délé. Mo fi ẹ̀yìn ọkọ̀ náà sún mọ́ ẹnu ọ̀nà ìyá mi dáadáa kó má baà rìn jìnnà, mo ṣí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn sókè, mo tẹ́ tìmùtìmù tuntun sí i, mo sì fi aṣọ funfun bò ó. Mo wá gba gèlè mi mọ́ ìdí, mo ń fi ọwọ́ pa aṣọ náà kó má wú. Inú mi dùn gan-an ni.

Ọ̀rẹ́ ìyá mi tó ń gbé ní ọ̀ọ́kán wa, tí wọ́n jọ wà nínú ẹgbẹ́ àsàlátù, ń bọ̀ láti ìrun Alásárì. Ó rí ọkọ̀ náà, ó dúró. Ó wo kọ́tìnnì, ó wo aṣọ funfun, ó wo ilẹ̀kùn ilé tó ṣí sílẹ̀. Ọwọ́ méjèèjì ló ká lérí.

“Ìnnà lílláhì,” ló wí. “Alhaja ti lọ.”

Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ nínú eruku, ó ń sunkún. Kí n tó lè la ẹnu, èèyàn mẹ́ta ti jáde, ọ̀kan nínú wọn sì ń bi mí pé aago mélòó ni a ó kírun jánásà sí òkú lára. Ní ìlú wa, kò sẹ́ni tí kò mọ̀ pé irú ọkọ̀ gígùn bẹ́ẹ̀ ló máa ń gbé òkú bọ̀ láti ilé ìwòsàn. Èmi náà mọ̀ ọ́n. Ìgbà mélòó ni mo ti yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà fún un? Ṣùgbọ́n láti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ẹ́ńjìnnì ni mò ń wò.

Ìyá mi fi ọwọ́ ti ògiri, ó jáde.

“Ta ló kú?”

Ó wo ọkọ̀ náà látòkè délẹ̀, ó wo ibùsùn tí mo tẹ́.

“Ulé mi ni mo wà, ẹ̀mí mi sì wà lára mi,” ló wí. Ulé ló ṣì ń pe ilé, gẹ́gẹ́ bí àwọn àgbà Ìjẹ̀bú. Ó yíjú sí ọ̀rẹ́ rẹ̀. “Dìde ńlẹ̀, má fi aṣọ rẹ gbálẹ̀ fún mi.”

Ọ̀rẹ́ rẹ̀ ń sunkún, ó ń rẹ́rìn-ín. Gbogbo wa rẹ́rìn-ín. Ìyá mi kò rẹ́rìn-ín. Ó wọlé, ó sì ti ilẹ̀kùn yàrá rẹ̀.

Ní Túsìdeè tó yẹ ká lọ sí Ibàdàn, ó ní òun ò lọ. Mo ní n ó pe ọkọ̀ háyà, ó ní kí n má pe ọkọ̀ kankan. Nígbà tó fi máa di àárọ̀ Fúráìdeè, ojú rẹ̀ ti wú, ó sì ń mí bí ẹni tó gun àtẹ̀gùn. Mo dúró sí ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ pẹ̀lú kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ lọ́wọ́. Mo ti bẹ̀ ẹ́ láti ìdájí, ẹ̀bẹ̀ ti tán lẹ́nu mi, ìbínú ló kù. Mo sọ gbogbo ohun tí ojú mi rí kí n tó rí ọkọ̀ náà. Mo pariwo. Ọ̀rọ̀ tí mi ò rò pé mo lè sọ sí ìyá mi jáde lẹ́nu mi.

“Ṣé ẹ fẹ́ kú ni?”

Ó fi ọwọ́ ti bẹ́ẹ̀dì, ó gbé ara dìde.

“Bí mo bá fẹ́ kú,” ló wí, “ṣé n ó máa sá fún ọkọ̀ òkú?”

Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ níbẹ̀. Mo ti bi dókítà, mo ti bi mẹkáníìkì, mo ti bi gbogbo àwọn tó ń ta ọkọ̀ láti Ìjẹ̀bú-Òde dé Ọ̀dọgbolú, mi ò bi ẹni tí yóò dùbúlẹ̀ sínú rẹ̀. Ojú tì mí gan-an. Mo ní kó dákun, kó foríjì mí. Lẹ́yìn náà ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ wá béèrè pé, “Màámi, báwo lẹ ṣe fẹ́ ká ṣe é?”

Kò ronú rárá. Ó ti ní in lẹ́nu tẹ́lẹ̀.

“Gbé tìmùtìmù yẹn jáde. Já kọ́tìnnì yẹn. Gbé àga dìde, kí o sì dojú ọkọ̀ náà kọ ìta. Iwájú ni n ó jókòó.”

“Ẹsẹ̀ yín ńkọ́?”

“Ogójì ọdún ni mo fi bá lọ́rì ná ọjà. N ò jókòó sẹ́yìn rí. Ẹrù ló máa ń wà lẹ́yìn.”

Mo ṣe gbogbo rẹ̀ bó ṣe wí. Ó wọ aṣọ ọjà rẹ̀, ó da ìbòrí rẹ̀ borí, ó jókòó síwájú, ó sì ní kí n yí wíńdò sílẹ̀. Nígbà tí a dé ọ̀ọ́kán, ó ní kí n dúró, ó sì kí ọ̀rẹ́ rẹ̀ sókè kí gbogbo àdúgbò lè gbọ́ ohùn rẹ̀. Lẹ́yìn náà la gba ọ̀nà Ibàdàn. A kọjá Mámù. Nígbà tó ṣe díẹ̀ sí i, mo gbọ́ tí nǹkan kan ró. Ìyá mi ti wá ọwọ́ àga náà rí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìdí rẹ̀, ó fà á, ó dà á sẹ́yìn díẹ̀díẹ̀ fúnra rẹ̀ títí tó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ sùn gbalaja, ó na ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀, ó sì sùn lọ. Àwọn ọkọ̀ kékeré ń kọjá lára wa, wọ́n ń fọn fèrè. Gbogbo agbára tí mo tìtorí rẹ̀ ra ọkọ̀ náà, mi ò lò ó lọ́jọ́ yẹn.