Òdo Tí Ẹ̀rọ Mi Kọ ní Ẹ̀pẹ́

Mo rántí ìgbà tí mo máa ń gbé ẹ̀rọ lésà kan lọ sí etí ọ̀sà ní Ẹ̀pẹ́, láti wọn gáàsì tó ń hó jáde nínú irà. Èmi nìkan ni yunifásítì wa gbé irú rẹ̀ lé lọ́wọ́, mo sì máa ń gbé e mọ́ra bí ọmọ tuntun. Kí ẹnikẹ́ni tó béèrè ni mo ti máa ń ṣàlàyé: gáàsì kọ̀ọ̀kan ló ní àwọ̀ ìmọ́lẹ̀ tirẹ̀ tó máa ń gbé mì, ẹ̀rọ yìí á tan ìmọ́lẹ̀ náà, á wo èyí tó ṣẹ́ kù, á sì sọ iye gáàsì tó wà níbẹ̀ gẹ́lẹ́. Ẹnu mi kì í sinmi. Àwọn apẹja á kàn máa fi mí rẹ́rìn-ín.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ariwo sọ nínú ọgbà kan nítòsí. Agbẹ́kànga kan ti sọ pọ́ǹpù tó ń lo bẹntiróòlù kalẹ̀ sínú kànga, kó lè fa omi ẹlẹ́rẹ̀ jáde. Nígbà tí pọ́ǹpù náà kú, ó sọ̀ kalẹ̀ lọ wò ó, kò sì dáhùn mọ́. Àbúrò rẹ̀ ti ń so okùn mọ́ igi kó lè tẹ̀ lé e. Ìyá onílé rí ẹ̀rọ lọ́wọ́ mi.

"Ọmọ mi, gbà wá o! Bá wa wò ó bóyá gáàsì wà níbẹ̀!"

Mo tan lésà sínú kànga. Òdo ló kọ.

"Síró ni!" Àbúrò náà ti yọjú wò ó. "Kò sí gáàsì! Ẹ jẹ́ n wọlé!"

Gáàsì irà nìkan ni ẹ̀rọ náà mọ̀. Kò lè rí èéfín pọ́ǹpù tó ṣeé ṣe kó ti kún inú kànga.

"Ẹ má wọlé, ẹ jọ̀ọ́! Gáàsì míì ló wà níbẹ̀, ẹ̀rọ yìí ò mọ̀ ọ́n!"

"Gáàsì wo ló tún kù? Ẹ̀gbọ́n mi ń kú lọ, ẹ̀ ń sọ gírámà!"

Mo ju ẹ̀rọ sínú ẹrẹ̀, mo dì mọ́ àbúrò náà níbàdí. Ó gbá mi létí, ó ń ta mí nípàá, ó ń sunkún. Mo kígbe títí ìyá onílé fi bá mi dì í mú. Ẹ̀rù bà mí débi pé èmi náà ń sunkún, torí kò dá mi lójú. Kí ni mo fẹ́ fi hàn án? Òdo nìkan ni mo ní, òdo yẹn sì ń gbè é lẹ́yìn.

Àwọn apẹja fi okùn sọ ìdákọ̀ró wọn kalẹ̀, ó há sí bẹ́líìtì agbẹ́kànga náà, wọ́n sì fà á jáde. Ó ti kú. Dókítà ní èéfín ni.

Ìkòròdú ni mo ń gbé báyìí, mo ṣì ń wọn gáàsì. Bí ẹ̀rọ bá kọ òdo, mo máa ń bi ara mi pé òdo kí ni. Tí mo bá lọ sí Ẹ̀pẹ́, mo máa ń rí àbúrò náà, òun àti ọmọ rẹ̀. Kì í kí mi. Títí dòní ló ń sọ pé ká ní mo fi òun sílẹ̀ ni, ẹ̀gbọ́n òun ì bá wà láàyè. Ó ń dùn mí gan-an. Síbẹ̀, bó bá ti kọjá, mo máa ń bojú wẹ̀yìn wò ó, inú mi á sì dùn pé ó wà láàyè láti bínú sí mi.