Àwo Omi Aró Tí Gbogbo Ènìyàn Ń Rò

Pírínsípà wa kì í halẹ̀ lásán. Lọ́jọ́ Ẹtì kan ó dúró lẹ́nu ọ̀nà láàbù mi nílé-ẹ̀kọ́ wa ní Àkúrẹ́, ó wo àwọn ìgò tí eruku ti bò, ó ní, "Tísà, tó bá fi di ọjọ́ Ẹtì tó ń bọ̀ tí àwọn ọmọ ò tíì rí nǹkan gidi wò nínú yàrá yìí, bẹ́ǹṣì JS Wọ́ọ̀nù ni màá kó síbẹ̀."

Tísà kẹ́mísìrì tí kò ní láàbù, kí ló fi yàtọ̀ sí oníròyìn? Mo tú kọ́bọ́ọ̀dù. Gúlúkóòsì ni mo bá níbẹ̀, àti aró búlúù tí a fi ń kun nǹkan kéékèèké kó lè hàn lábẹ́ awò tó ń sọ nǹkan kékeré di ńlá. Kọ́sítíìkì sódà ló kù kí n fi po omi tó ń pàwọ̀ dà, ìyẹn sì wà lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin tó ń se ọṣẹ tà nílùú Oǹdó. Ọjọ́ kejì ni mo wọkọ̀.

"Ọṣẹ lo wá rà, àbí o wá jà mí lólè?" Bí ẹ̀gbọ́n mi ṣe kí mi káàbọ̀ nìyẹn.

"Èyí tẹ́ ẹ bá fọwọ́ ara yín fún mi, ẹ̀gbọ́n mi, kì í ṣe olè."

Mo po mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀ mọ́ omi nínú ìgò. Bí mo bá mì ín, á di búlúù. Bí mo bá gbé e kalẹ̀, láìpẹ́ á mọ́ gaara bí omi òjò. Mo mì ín, ó tún di búlúù.

"Ìwọ gan-an nìyẹn," ẹ̀gbọ́n mi wí. "Tí wọn ò bá mì ọ́, o ò ní ṣiṣẹ́."

Mo dà á sínú àwo gíláàsì pẹrẹsẹ, nítorí mo ti kà á pé tí wọ́n bá fi í sílẹ̀ jẹ́ẹ́, á fúnra rẹ̀ ya ọnà. Ṣùgbọ́n lágbàálá ẹ̀gbọ́n mi, bí àṣà wọn ní Oǹdó, ẹni tó bá bá wọn nídìí ọṣẹ kì í dúró wò wọ́n lọ́wọ́ òfo. Á mú igi, á bá wọn rò ó lẹ́ẹ̀mẹ́ta, kó tó ní ẹ kú iṣẹ́. Aládùúgbò wọlé, ó ro omi mi. Oníbàárà wọlé, ó rò ó. Ìyàwó pásítọ̀ náà ò gbẹ́yìn. Inú bí mi, mo fi àwo mìíràn dé e. Nígbà tí mo ṣí i, omi lásán ló wà níbẹ̀, kò sí ọnà kankan.

"O ti fún un lọ́rùn," ẹ̀gbọ́n mi wí. "Báwo ló ṣe máa mí?"

Ojú tì mí, torí èmi ni mo ń kọ́ ọmọ olọ́mọ nípa afẹ́fẹ́. Mo ṣí i sílẹ̀, mo jókòó tì í bí ẹni tó ń ṣọ́ kòkó tó sá sóòrùn lọ́wọ́ ewúrẹ́. Ó pẹ́ díẹ̀, àwọn àmì wínníwínní yọ, wọ́n so mọ́ra, wọ́n di ìlà búlúù bí ilẹ̀ ẹrẹ̀ tó gbẹ tó sì là. Mo tẹjú mọ́ ọn. Afẹ́fẹ́ tó ń sọ ọ́ di búlúù ń gba òkè wọlé, omi òkè ń wúwo, ó ń rì, tìsàlẹ̀ ń gòkè wá gba ipò rẹ̀. Ipa ọ̀nà ìrìnàjò yẹn ni mo ń wò. Ẹni tó bá rò ó, ọ̀nà ló dàrú.

Lọ́jọ́ Ẹtì tó dá, mo ti po tuntun, ìlà sì ti yọ dáadáa nínú àwo lórí tábìlì láàbù. Àwọn tó gbé bẹ́ǹṣì ti dúró síta. Pírínsípà wọlé. Mo ti gbàgbé pé ọmọ Oǹdó lòun náà. Kó tó sọ nǹkan kan, ó ti mú igi gíláàsì, ó ti rò ó lẹ́ẹ̀mẹ́ta.

"Ẹ kú iṣẹ́, Tísà." Ó wojú mi. "Kí ni mo ṣe?"

"Kò sí nǹkan kan, mà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jókòó díẹ̀."

Kò fẹ́ràn àtijókòó, àmọ́ ó jókòó. Búlúù náà ṣí, ìlà tún bẹ̀rẹ̀ sí í yọ. Ó wá awò ojú rẹ̀, ó fi í sójú.

"Ṣé bó ṣe wà tẹ́lẹ̀ nìyí?"

"Rárá, mà. Ó ti yàtọ̀."

"Kí ló fà á? Ṣebí omi kan náà ni, àwo kan náà ni."

"N ò mọ̀, mà."

Ó yíjú sẹ́nu ọ̀nà. "Ẹ kó bẹ́ǹṣì yẹn lọ sí gbọ̀ngàn. Kí ẹnì kan pe SS Túù wá, kí wọ́n wá bá Tísà wádìí ẹ̀."

Nígbà tí àwọn ọmọ rọ́ dé, kò dìde fún wọn. Òun ló ń lé wọn sẹ́yìn, pé kí wọ́n má mí lu omi náà.