Ìwúre Tó Já Lọ́nà Àbíjàn

Ajíbádé tó ń ta Wai-Fai lọ́nà Máṣífà kì í ṣe ènìyàn burúkú, agídí ló kàn pọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Òun nìkan ló ń tà á tẹ́lẹ̀, kí Rùkàyyàt tó ti Àbíjàn dé, tó gbé ẹ̀rọ tirẹ̀ kọ́ sórí òrùlé òdìkejì.

Ojú ọ̀nà kan náà ni ẹ̀rọ méjèèjì ń gbà nínú afẹ́fẹ́, wọ́n sì ń dí ara wọn lọ́wọ́. Rùkàyyàt yí tirẹ̀ sí ọ̀nà mìíràn kí kálukú lè ráyè. Ajíbádé rò pé ó ń sá fún òun ni. Ó yí tirẹ̀ tẹ̀ lé e, ó sì gbé agbára rẹ̀ dé òpin. Ẹ̀ẹ̀mejì ló ṣe bẹ́ẹ̀. "Àgbò méjì kì í mumi nínú koto kan," ló ń wí káàkiri. Èmi tí mò ń ránṣọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ náà bá a rẹ́rìn-ín. Ojú ń tì mí bí mo ṣe ń sọ ọ́ yìí.

Lọ́jọ́ Sátidé kan, Damaris, ọmọ Bàbá Fábọ̀sẹ̀, ń ṣègbéyàwó ní Àbíjàn. Ẹsẹ̀ bàbá kò gbé ìrìn àjò mọ́, ni wọ́n bá gbé e jókòó síwájú ṣọ́ọ̀bù Ajíbádé, kó lè súre fún ọmọ rẹ̀ lórí fóònù kó tó lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Damaris kúnlẹ̀ lọ́hùn-ún. Bàbá ṣẹ̀ṣẹ̀ ní, "Ilé ọkọ á tù ọ́ lára," ni àwòrán bá dúró gbagidi. Gbogbo wa rí i pé ó ti já. Ojú bàbá kò ríran dáadáa. Ó ń súre lọ fún ọmọ tí kò gbọ́ ọ mọ́, kò sì sẹ́ni tó láyà láti dá a dúró.

Rùkàyyàt, tó ń wò wá lódìkejì, sáré sọdá, ó rọra sọ ọ́ sí Ajíbádé létí: "Bọ̀ọ̀dá mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má lé mi mọ́. Ẹ dúró lójú ọ̀nà kìíní, èmi á wà lójú ọ̀nà kẹfà, ká jọ dín agbára ẹ̀rọ wa kù."

Ajíbádé ṣe é lójú ẹsẹ̀. Láàárín ìṣẹ́jú mẹ́ta, gbogbo rẹ̀ ti ń lọ geere. Wọ́n tún pe Damaris láti orí fóònù mìíràn. Ó dún títí, kò sẹ́ni tó gbé e. Wọ́n ti wọ ṣọ́ọ̀ṣì.

Bàbá parí, ó nu ojú. "Ṣé ó ṣe àmín?"

Ajíbádé dọ̀bálẹ̀ gbalaja. "Kò gbọ́ ọ, sà. Orí ìkúnlẹ̀ ló wà tó fi já. Èmi ni mo fà á."

Bàbá bi í pé, "Ta ni mo wá ń súre fún látàárọ̀?"